Iṣẹ́ Omi, Iṣẹ́ Òwú Láàárín Eyín

Orín àtá ń fọ ojú eyín dáadáa, ṣùgbọ́n kò lè wọ àlàfo tó wà láàárín eyín sí eyín. Ibẹ̀ gan-an ni awọ àgbàdo àti fọ́nrán ẹran máa ń há sí. Láti Mọ́níyà dé Àkàǹràn, ní agbègbè Ìbàdàn, ẹyọ ìgbálẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ta á yọ, èrìgì a sì máa fara gbọgbẹ́.

Ọdún 1962 ni Gerald Moyer, oníṣègùn eyín, àti John Mattingly, ẹnjiníà, ṣe ẹ̀rọ tó ń fi omi fọ àárín eyín ní Fort Collins, ní Amẹ́ríkà. Inú rẹ̀ kò díjú. Mọ́tò kékeré kan ń ti ọ̀pá síwá sẹ́yìn. Bí ọ̀pá bá fà sẹ́yìn, á fa omi wọlé. Bó bá tì síwájú, omi á gba ihò tẹ́ẹ́rẹ́ jáde. Omi náà kì í ṣàn lọ gbọọrọ o: ńṣe ló ń tú jáde, tó ń dáwọ́ dúró, ó tó ìgbà 1,200 ní ìṣẹ́jú kan. Ìdádúró yẹn ni ọgbọ́n inú rẹ̀. Omi á tẹ èrìgì, èrìgì á padà sípò, ìdọ̀tí abẹ́ rẹ̀ á sì bá omi jáde.

Iṣẹ́ òwú eyín, ìyẹn òwú tí a fi ń fọ àárín eyín, yàtọ̀. Èérún oúnjẹ nìkan kọ́ ló ń ba èrìgì jẹ́. Kòkòrò àìfojúrí ló ń kóra jọ, tó ń lẹ̀ mọ́ eyín bí ohun tó ń yọ̀ lára òkúta odò. Fífá ló ń ká a kúrò. Ẹ wé òwú mọ́ ẹ̀gbẹ́ eyín kan, ẹ rọra fà á sókè sódò, kí ẹ tó bọ́ sí èkejì. Ẹ má fi òwú ìránṣọ ṣe é, ó lè gé èrìgì.

Nígbà tí àjọ Cochrane, tó ń ṣe àgbéyẹ̀wò ìwádìí ìṣègùn, kó àwọn ìwádìí jọ ní 2019, wọ́n rí i pé òwú tàbí omi, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì, lè dín wíwú èrìgì kù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rí náà kò lágbára. Lójú tèmi, òwú tó fún àgbẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì dá ṣáṣá. Ẹni tí wọ́n fi wáyà to eyín rẹ̀, tàbí ìyá àgbà tí làkúrègbé mú lọ́wọ́, ni ẹ̀rọ yẹ. Kí ẹ ra oníbátìrì, nítorí iná wa. Ẹ se omi kànga kó hó, kó sì wá lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ tó bù ú sínú ẹ̀rọ, torí abẹ́ èrìgì ló ń lọ.

Ìdọ̀tí tó bá ti le gbagidi nídìí eyín, àtòwú àtomi, kò sí èyí tó lè yọ ọ́. Irin oníṣègùn eyín ni. Bí èrìgì bá ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ ti ń fọ àárín eyín lójoojúmọ́, ẹ lọ sí ẹ̀ka eyín ní ilé ìwòsàn UCH, n'Ìbàdàn, kí egungun tó di eyín mú tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ lọ.