Orford Ness: Ibi tí Bọ́ǹbù Ti Sọ Di Ilé Ẹyẹ

Orford Ness la fẹ́ sọ lónìí, ní etí òkun Suffolk, ní apá ìlà-oòrùn ilẹ̀ England. Mo gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ mi láti Lọ́ńdọ̀nù lọ síbẹ̀ torí ìbéèrè kan tó ń jẹ mí lọ́kàn: báwo ni ibi tí ìjọba ti ń dán bọ́ǹbù wò ṣe wá di ibi tí ẹyẹ àti ẹran ti ń gbé láìsí ẹni tó ń yọ wọ́n lẹ́nu?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn kan ni, ó tó nǹkan bíi kìlómítà 16. Odò ya á kúrò lára ìlú Orford ní ẹ̀gbẹ́ kan, òkun wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ má ro iyanrìn bíi ti Èlégùshì o. Òkúta róbótóróbótó ló kún ibẹ̀. Ìgbì òkun ló ń gbá wọn láti àríwá wá sí gúúsù, tó ń tò wọ́n ní poro-poro bí oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ebè sí. Ewéko díẹ̀díẹ̀ máa ń hù láàárín àwọn òkúta náà, ṣùgbọ́n wọn ò lágbára rárá. Ẹsẹ̀ èèyàn kan péré lè ba ohun tó gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó hù jẹ́. Ojú ibi tí táyà ọkọ̀ àwọn ọmọ ogun gbà kọjá nígbà yẹn ṣì hàn gbangba lórí òkúta náà títí di òní.

Ìgbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ní 1915, ni àwọn ọmọ ogun òfurufú bẹ̀rẹ̀ sí í lo ibẹ̀. Ó bá wọn lára mu: èèyàn tó ń gbé ibẹ̀ kò pọ̀, ó jìnnà sí ojú ayé, bọ́ǹbù tó bá sì ṣìnà, inú òkun ló ń já sí.

Ohun tó wú mi lórí jù ni ti ọdún 1935. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Robert Watson-Watt àti ìwọ̀nba àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kó wá síbẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún náà. Wọ́n ní kí àwọn ará ìlú gbà pé ohun mìíràn làwọn ń ṣe, àṣé ráádà ni wọ́n ń wá. Ẹ̀yin náà ẹ ti pariwo níbi tí ògiri gíga wà rí, tí ohùn yín padà bá yín. Bí ráádà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn gan-an, àyàfi pé ìgbì rédíò ló ń lò dípò ohùn ẹnu. Ẹ̀rọ á rán ìgbì náà jáde, á kọ lu ara ọkọ̀ òfurufú, á padà wálé. Bí o bá mọ iye àkókò tó fi lọ tó fi bọ̀, o ti mọ bí ọkọ̀ náà ṣe jìnnà tó. Kí ọdún tó yí po, wọ́n ti ń rí ọkọ̀ òfurufú tí ojú lásán kò lè rí. Ní 1936, iṣẹ́ náà kó lọ sí Bawdsey, tí kò jìnnà síbẹ̀. Nígbà tí àwọn ọkọ̀ òfurufú Jámánì ń ya bo England ní 1940, ráádà yìí ló ń ta àwọn ará Bìrìtìkó lólobó kí wọ́n tó dé.

Lẹ́yìn ogun, ọ̀rọ̀ wá burú sí i. Láti nǹkan bíi 1953 títí di 1971, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yẹ àwọn ẹ̀yà bọ́ǹbù átọ́míìkì wò. Wọn ò bú u gbàmù níbẹ̀ o. Wọ́n máa ń mì í jìgìjìgì, wọ́n á mú un gbóná, wọ́n á mú un tutù, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó máa bú lọ́wọ́ wọn nígbà tí ọkọ̀ òfurufú bá ń gbé e lọ. Àwọn ilé méjì tí gbogbo èèyàn ń ya fọ́tò wọn, òrùlé kọnkéré wọn wúwo gan-an, wọ́n sì tún da òkúta lé e lórí. Ìdí ni pé bí jàǹbá ńlá bá ṣẹlẹ̀ nínú ilé, òrùlé náà ló máa wó lulẹ̀ dé e mọ́lẹ̀ bí ìdérí ìkòkò. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ ohun tí òrùlé yẹn wà fún lójoojúmọ́ ayé wọn.

Ní 1993, àjọ National Trust ra ilẹ̀ náà. Àwọn ìbọn àti bọ́ǹbù tí kò bú ṣì wà lábẹ́ òkúta, ìdí nìyẹn tí àlejò kò fi gbọ́dọ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà tí wọ́n fi àmì sí. Ibí yìí ni mo ti rí ìdáhùn ìbéèrè mi. Ohun tó ń lé èèyàn sẹ́yìn kò lé ehoro. Àgbọ̀nrín kékeré tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ Ṣáínà, tó sá kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó ń sìn ín, ń jẹko níbẹ̀. Òwìwí wà níbẹ̀. Ní 2021, nígbà tí àrùn Kòrónà ti dín àlejò kù, àwọn ẹran inú òkun tí wọ́n ń pè ní seal wá kó jọ síbẹ̀, wọ́n sì ń bímọ níbẹ̀ láti ìgbà náà. Àwọn ẹyẹ òkun kan tún wà tó ń pamọ níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn onímọ̀ so ẹ̀rọ GPS kékeré mọ́ díẹ̀ nínú wọn lẹ́yìn, wọ́n sì rí i pé bí òtútù bá dé, àwọn kan ń fò lọ dé àríwá Áfíríkà. Kò sí físà, kò sí ìbéèrè.

Ohun tó ń fa àríyànjiyàn níbẹ̀ ni pé National Trust kò tún ọ̀pọ̀ àwọn ilé ogun náà ṣe. Wọ́n ní kí atẹ́gùn àti òkun máa jẹ wọ́n títí wọ́n á fi wó. Ilé iná tó ń tọ́ ọkọ̀ òkun sọ́nà láti 1792, wọ́n pa á ní 2013, wọ́n sì wó o lulẹ̀ ní 2020 torí òkun ti dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn kan bínú. Lójú tèmi, ilé tí wọ́n kọ́ torí ìparun, kí ó wó kò burú. Ṣùgbọ́n mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú ọ̀rọ̀ yẹn lọ sí Ayétòrò ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí òkun ti ń gbé ilé àwọn èèyàn lọ. Ó rọrùn láti fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún òkun níbi tí ọmọ kankan kò sùn sí.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin láti Liverpool Street sí Ipswich, ẹ pààrọ̀ ọkọ̀ níbẹ̀ sí Woodbridge tàbí Melton, kí ẹ wá gba takisí dé èbúté Orford. Ọkọ̀ ojú omi kékeré ló ń gbé èèyàn sọdá, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Kì í ṣe ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣí, nítorí náà ẹ yẹ ọjọ́ wò lórí fóònù yín kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀. Ẹ má mú ajá dání. Ẹ gbé omi àti oúnjẹ, ẹ wọ bàtà tó nípọn, kí ẹ sì mú ẹ̀wù òtútù bó tiẹ̀ jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, torí atẹ́gùn ibẹ̀ kò mọ oṣù. Ẹ bi wọ́n léèrè ìgbà tí ọkọ̀ tó kẹ́yìn ń padà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.