Nígbà Tí Ariwo Akẹ́kọ̀ọ́ Dé Kóòtù: Bí Òfin Rere Ṣe Ń Dí Ilé Kíkọ́ Lọ́wọ́

Àwa tí à ń gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì, a mọ ariwo akẹ́kọ̀ọ́. Kí wọ́n tó lu agogo lights-out, ariwo ni. Bí iná bá lọ, ariwo ni. Bí iná bá dé, ariwo náà ló tún máa ń jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: ṣé ẹ ti gbọ́ ọ rí pé kóòtù dá iṣẹ́ họ́sítẹ́ẹ̀lì dúró nítorí ariwo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì sí ẹyọ ẹnìkan nínú wọn tó gbé ibẹ̀? Ó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ California, lọ́dún 2023.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí ṣàlàyé ìbéèrè kan tí àwọn ará ibẹ̀ ń bi ara wọn. Àwọn olóṣèlú kan wà tí wọ́n ń pè ní líbẹ́rà, ìyẹn àwọn tó gbà pé iṣẹ́ ìjọba ni láti dáàbò bo mẹ̀kúnnù àti àyíká. Irú wọn ló ń ṣèjọba California láti ọdún pípẹ́. Owó wà níbẹ̀, ìmọ̀ wà níbẹ̀. Kí ló wá dé tí wọn kì í tètè rí nǹkan kọ́ parí? Àbí òfin rere tí wọ́n ṣe náà ló ń so wọ́n lọ́wọ́?

Ibi tí òfin náà ti wá

Ẹ má jẹ́ ká kọ́kọ́ bú òfin, torí wọn ò ṣàdédé ṣe é. Láyé àtijọ́, wàràwàrà ni wọ́n ń kọ́ nǹkan ní Amẹ́ríkà. Afárá Golden Gate ní San Francisco, tí gbogbo wa ti rí nínú fíìmù, ọdún 1933 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó di 1937, èèyàn àti ọkọ̀ ti ń gba orí rẹ̀ kọjá.

Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó ń jìyà irú ìyára bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, nígbà tí wọ́n ń la títì márosẹ̀ gba àárín ìlú, àdúgbò àwọn tálákà àti ti àwọn aláwọ̀ dúdú ni wọ́n sábà máa ń wó. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé kí lẹ rí sí i. Ní oṣù kìíní 1969, kànga epo kan bẹ́ nínú òkun nítòsí Santa Barbara ní California. Epo bo etíkun, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyẹ òkun kú. Inú bí àwọn èèyàn gidi gan-an. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1970, Ààrẹ Richard Nixon buwọ́ lu òfin àyíká fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Lọ́dún yẹn kan náà, gómìnà California, Ronald Reagan, ẹni tó padà di ààrẹ, buwọ́ lu ti ìpínlẹ̀ tirẹ̀. Lẹ́tà mẹ́rin ni wọ́n fi ń pe òfin California yìí: CEQA.

Ohun tí CEQA ní kí wọ́n ṣe kò ṣòroó lóye. Kí ìjọba tó kọ́ nǹkan ńlá, kó kọ́kọ́ yẹ ohun tí iṣẹ́ náà máa ṣe fún omi, afẹ́fẹ́, ilẹ̀ àti àwọn aládùúgbò wò. Kó kọ ọ́ sílẹ̀ kí tọmọdé tàgbà lè kà á. Kó sì wá ọ̀nà tí ewu rẹ̀ á fi dín kù. Ta ló máa gbọ́ èyí tó máa ní kò dáa? Èmi ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà náà ló ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Bí òfin náà ṣe ń gbòòrò

Lọ́dún 1972, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti California sọ pé kì í ṣe iṣẹ́ ìjọba nìkan ni òfin náà kàn. Ilé aládàáni pàápàá wọ inú rẹ̀, tó bá ti jẹ́ pé ìjọba ló máa pinnu bóyá kí wọ́n kọ́ ọ tàbí kí wọ́n má kọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ni òfin tí wọ́n rò pé ó wà fún títì márosẹ̀ àti ìsédò ṣe di òfin ilé gbígbé.

Ohun kejì ni ti kóòtù. Bí aládùúgbò kan bá rò pé àyẹ̀wò náà kò kún tó, ó lè pe ẹjọ́. Kò ní láti fi hàn pé ilé náà máa ba nǹkan jẹ́ lóòótọ́. Kó ṣáà ti fi hàn pé ohun kan wà tí wọn ò yẹ̀ wò bó ṣe yẹ.

Ibí gan-an ni wàhálà wà. Ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n kọ́lé sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun kò ní láti jàre ẹjọ́ náà rárá. Bí ẹjọ́ bá ti lè fa ọdún méjì sí mẹ́ta, owó sìmẹ́ǹtì á ti lọ sókè, báńkì tó fẹ́ yá wọn lówó á ti yí ọkàn padà. Ìdádúró gan-an ni ìborí. Àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí náà wọ́n á máa kọ gbogbo ohun tó ṣeé kọ, ojú ewé lórí ojú ewé, kí adájọ́ má bàa rí àléébù kankan níbẹ̀.

Irú rẹ̀ náà ló ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ òfin ti gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣírò iye àkókò tí àyẹ̀wò tó kún jù lábẹ́ òfin yẹn ń gbà láàárín 2010 sí 2018, wọ́n rí i pé ọdún mẹ́rin ààbọ̀ ni, tí a bá pín in dọ́gba. Àyẹ̀wò nìkan là ń sọ o, kò tíì kan ṣọ́bìrì. Afárá Golden Gate tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ọdún mẹ́rin àti oṣù díẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ tán.

Họ́sítẹ́ẹ̀lì ti Berkeley

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí ariwo. Yunifásítì California tó wà ní ìlú Berkeley jẹ́ ti ìjọba, ó sì lókìkí káàkiri ayé. Akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ lé ní 40,000. Bẹ́ẹ̀dì tí yunifásítì ní fún wọn nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin iye wọn. Àwọn tó kù ní láti lọ háyà yàrá láàárín ìlú, níbi tí owó ilé ti wọ́n bí ojú.

Lọ́dún 2021, yunifásítì fọwọ́ sí i pé àwọn máa kọ́lé sórí ilẹ̀ wọn kan tí wọ́n ń pè ní People's Park. Àyè akẹ́kọ̀ọ́ bíi 1,100 ni wọ́n fẹ́ kọ́, pẹ̀lú ilé tó lé ní 100 fún àwọn tí kò rílé gbé. Ilẹ̀ yẹn ní ìtàn. Lọ́dún 1969, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ará ìlú ló gbin òdòdó síbẹ̀ tí wọ́n sọ ọ́ di ọgbà; ọlọ́pàá yìnbọn nígbà tí wọ́n fẹ́ lé wọn, ẹnì kan sì kú. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ta ko họ́sítẹ́ẹ̀lì náà ni ìlara ń ṣe. Àwọn kan ń dáàbò bo ìrántí. Àwọn míì kò fẹ́ kí èrò pọ̀ sí i ládùúgbò wọn. Wọ́n gbé yunifásítì lọ sí kóòtù lábẹ́ CEQA.

Nígbà yẹn, ẹjọ́ mìíràn ti wà nílẹ̀. Ẹgbẹ́ aládùúgbò kan ti sọ pé yunifásítì ń gba akẹ́kọ̀ọ́ kún akẹ́kọ̀ọ́ láì yẹ ohun tó ń ṣe fún àyíká wò. Adájọ́ ní kí wọ́n má gbà ju iye ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní oṣù kẹta 2022, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ kọ̀ láti gbé àṣẹ yẹn kúrò. Yunifásítì ní àwọn máa ní láti dín àyè akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kù ní nǹkan bíi 3,000. Ẹ wo àwọn ọmọ tó ti kàwé, tí wọ́n yege, tí òfin àyíká fẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́! Ariwo ta káàkiri ìpínlẹ̀, àwọn aṣòfin sì sáré ṣe òfin tuntun láàárín ọ̀sẹ̀ méjì láti tú ìdè náà.

Ti họ́sítẹ́ẹ̀lì ò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kejì 2023, Ilé-Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ pé yunifásítì kùnà níbi méjì: wọn ò yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa bóyá ilẹ̀ mìíràn wà tí wọ́n lè kọ́lé sí, wọn ò sì yẹ ariwo tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa pa níbi páátì wò. Bí a bá sọ ọ́ bó ṣe rí, ẹnu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti di nǹkan tó ń ba àyíká jẹ́, bíi èéfín. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, Gómìnà Gavin Newsom buwọ́ lu òfin tó ní ariwo ẹni tó ń gbé inú ilé kì í ṣe ìbàyíkájẹ́. Oṣù kẹfà 2024 ni Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ tó dá yunifásítì láre, tí iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wọlé lọ́dún 2021 ti ń wọ ọdún kẹrin rẹ̀ nígbà yẹn.

Ta ni kò sí ní kóòtù?

Èrò tèmi rèé. Kì í ṣe pé òfin wà ló burú. Ohun tó burú ni pé ojú kan ló fi ń wo nǹkan. Lábẹ́ CEQA, ẹni tó fẹ́ kọ́lé ni wọ́n lè pè lẹ́jọ́. Bí kò bá kọ́ nǹkan kan, kò sẹ́ni tó máa bi í pé kí ló dé. Bẹ́ẹ̀ àìkọ́lé náà ń ba àyíká jẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí yàrá nítòsí á lọ gbé ibi tó jìnnà, á máa wa mọ́tò wá sí kíláàsì, èéfín mọ́tò rẹ̀ á sì máa lọ sínú afẹ́fẹ́ kan náà tí òfin fẹ́ dáàbò bò.

Ẹ tún wò ó: aládùúgbò tó nílé níbẹ̀ mọ ara rẹ̀, ó mọ lọ́yà, ó mọ ọ̀nà kóòtù. Ọmọ tó máa sùn nínú yàrá yẹn lọ́jọ́ iwájú kò mọ̀ pé wọ́n ń ṣẹjọ́ òun. Ó ṣeé ṣe kó wà níléèwé girama nígbà yẹn bíi tiwa, kó máa ka ìwé ìdánwò.

Kí n má parọ́, kì í ṣe òfin nìkan ló ń dá iṣẹ́ dúró. Lọ́dún 2008, àwọn ará California dìbò pé kí wọ́n ṣe ọ̀nà rélùwéè ayára-bí-àṣá láti San Francisco dé Los Angeles. Wọ́n ní yóò gba nǹkan bíi bílíọ̀nù 33 dọ́là, yóò sì parí ní 2020. Iye náà ti kọjá bílíọ̀nù 100 báyìí, kò sì tíì sí ọkọ̀ kan tó rìn lórí rẹ̀. Ọdún 2024 ni àyẹ̀wò àyíká fún gbogbo ọ̀nà náà tó parí, ṣùgbọ́n àìtó owó, ilẹ̀ rírà àti ọ̀rọ̀ òṣèlú náà dá kún un.

Síbẹ̀, ẹ wo Philadelphia, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹfà 2023, tánkà epo gbiná lábẹ́ afárá títì márosẹ̀ I-95, afárá sì wó. Gómìnà Josh Shapiro, tí òun náà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Democratic bíi Newsom, kéde pàjáwìrì, ó yọ́ àwọn ìlànà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Ọjọ́ 12 péré lẹ́yìn náà, ọkọ̀ ti ń kọjá. Lóòótọ́, afárá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kì í ṣe ibi tuntun ni wọ́n gbé e lọ. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé agbára àtikọ́ nǹkan ṣì wà lára wọn.

Kí la wá lè ṣe sí i?

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Lọ́dún 1988, wọ́n rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá ìdọ̀tí olóró tí wọ́n kó láti Ítálì wá sí Koko, ìlú tó wà ní ìpínlẹ̀ Delta òde òní. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni Nàìjíríà gbé òfin tó le jáde lórí ìdọ̀tí olóró, a sì ní òfin àyẹ̀wò àyíká tiwa lọ́dún 1992. Ẹni tó bá ní ká da irú òfin bẹ́ẹ̀ nù, kó lọ bi àwọn ará Koko.

Ohun tí mo rò pé ó yẹ ni kí àyẹ̀wò ní gbèdéke ọjọ́, kí ẹjọ́ náà ní gbèdéke, kí òfin sì mọ ìyàtọ̀ láàárín kànga epo àti họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ní oṣù kẹfà 2025, California ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀: wọ́n yọ ọ̀pọ̀ ilé gbígbé tí wọ́n bá fẹ́ kọ́ sáàárín ìlú kúrò lábẹ́ CEQA. Àwọn kan ní ó ti pọ̀ jù, àwọn kan ní ó ti pẹ́ jù. Lójú tèmi, ó tọ́, torí ó rántí ọmọ tí kò sí ní kóòtù.

Ẹni tí kò bá gbà pẹ̀lú mi nínú ẹgbẹ́ wa, kó kọ tirẹ̀ wá fún ìtẹ̀jáde tó ń bọ̀. Àyè wà fún un.