Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá Tó Wúlò ní Ọjà Oúnjẹ

Ìbéèrè kan rèé: ọ̀rọ̀ Lárúbáwá mélòó lẹ mọ̀? Bí ẹ bá ní ẹ ò mọ ìkankan, ẹ dúró ná. Ẹni tó bá mọ àlùbọ́sà ti mọ ọ̀kan. Àwọn Lárúbáwá ń pe àlùbọ́sà ní basal. Tí wọ́n bá fẹ́ sọ pé "àlùbọ́sà náà", wọ́n á fi al síwájú rẹ̀, á di al-basal. Àwọn Hausa ń pè é ní albasa, àwa náà sì ń pè é ní àlùbọ́sà. Ọ̀nà bẹ́ẹ̀ náà ni àlàáfíà, àlùbáríkà, àdúrà àti fìtílà gbà wọ inú èdè wa. Nítorí náà, ọmọ Yorùbá tó fẹ́ kọ́ Lárúbáwá díẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

Kí ló dé tí a fi máa kọ́ ọ? Ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ṣọ́ọ̀bù Lárúbáwá pọ̀ ní Edgware Road, àwọn ará Mòrókò náà sì ní ṣọ́ọ̀bù ní Golborne Road. Ilá, ìrẹsì, dàbínù, ẹran, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn ọlọ́jà yẹn gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ìdí méjì wà. Àkọ́kọ́, inú ènìyàn máa ń dùn tí wọ́n bá fi èdè rẹ̀ kí i. Ìkejì, ara àbúrò mi ọkùnrin kò gba yànmọ̀tí rárá. Tó bá jẹ ẹ́, ètè rẹ̀ á wú, ó sì lè má rí èémí mí dáadáa. Oúnjẹ Lárúbáwá tó ní yànmọ̀tí nínú sì pọ̀. Ẹ máa rí i níwájú.

Bí mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀

Lẹ́tà Lárúbáwá jẹ́ 28, tiwa jẹ́ 25. Láti apá ọ̀tún lọ sí apá òsì ni wọ́n ń kọ̀wé. Níbí, lẹ́tà tiwa ni mo fi kọ ọ̀rọ̀ wọn. Mi ò fi àmì ohùn sí i, torí pé èdè wọn kì í lo ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ bíi tiwa. Tí ẹ bá rí ṣ, ẹ pè é bí a ṣe ń pe ṣ nínú "iṣu". Tí ẹ bá rí kh, ẹ ṣe bí ẹni tí egungun ẹja kékeré há sí ọ̀fun tó fẹ́ yọ ọ́ jáde. Tí ẹ bá rí àmì yìí ', ẹ ti ohùn jáde láti ìsàlẹ̀ ọ̀fun.

Àwọn náà ní èyí tó le fún wọn. Wọn ò ní gb, wọn ò sì ní p. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè gbọ́ kí ẹnìkan pe Pepsi ní "Bibsi".

Ẹ kọ́kọ́ kí ọlọ́jà

Ẹni tó bá kàn wọlé tó ní "Èló nìyí?" láì kí ènìyàn, àwọn àgbà wa á ní kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Bákan náà ló rí lọ́dọ̀ àwọn Lárúbáwá. Ẹ lè sọ pé as-salamu alaykum, ìyẹn ni "àlàáfíà fún yín". Àwọn tó jẹ́ Mùsùlùmí láàárín wa ti mọ̀ ọ́n, wọ́n sì mọ̀ pé ìdáhùn rẹ̀ ni wa alaykum as-salam. Tó bá jẹ́ àárọ̀, ẹ lè sọ pé sabah al-khayr. Wọ́n á dáhùn pé sabah an-nur, ìyẹn ni "òwúrọ̀ ìmọ́lẹ̀".

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ya'tik al-'afiya. Tó bá jẹ́ obìnrin lẹ ń kí, ẹ sọ pé ya'tiki. Àwọn ará Lẹ́bánónì, Síríà àti Jọ́dánì máa ń fi kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́. "Ẹ kú iṣẹ́" tiwa gan-an nìyẹn! Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí Ọlọ́run fún yín ní ìlera àti agbára. Ẹ tún wo al-'afiya yẹn dáadáa: òun ló di àlàáfíà ní ẹnu wa. Ṣùgbọ́n ẹ má fi kí ará Mòrókò o! Lọ́dọ̀ tiwọn, iná ni 'afiya. Ẹ sọ fún wọn pé Allah y'awnek, kí Ọlọ́run ràn yín lọ́wọ́.

Àwọn náà kì í pe àgbà lórúkọ lásán. Bí a ṣe ń sọ pé bọ̀dá àti àǹtí, àwọn ọmọ Lẹ́bánónì àti Síríà máa ń pe ọlọ́jà ọkùnrin ní 'ammo, wọ́n á sì pe obìnrin ní khalto, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ẹbí wọn.

Ibi tí a ti yàtọ̀ rèé: àwa ń wò ó bóyá àgbà ni tàbí ọmọdé ká tó sọ "ẹ" tàbí "o". Àwọn ń wò ó bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. "Ẹ jọ̀wọ́" fún ọkùnrin ni min fadlak, fún obìnrin ni min fadlik.

Orúkọ oúnjẹ

Àlùbọ́sà: basal
Aáyù: tum
Ilá: bamiya
Ata: filfil
Ìrẹsì: ruzz
Búrẹ́dì: khubz
Ẹran: lahm
Ẹja: samak
Ẹyin: bayd
Iyọ̀: milh
Òróró: zayt
Dàbínù: tamr
Oyin: 'asal
Ọsàn: burtuqal
Ṣúgà: sukkar

Ṣé ẹ rí sukkar? Láti ọ̀dọ̀ Lárúbáwá ló ti rìn títí dé Yúróòpù, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní "sugar", àwa sì gbà á lọ́wọ́ wọn, ó di ṣúgà. Burtuqal ní tirẹ̀, orúkọ orílẹ̀-èdè Portugal ló wà nínú rẹ̀.

Ohun kan tún wà tó máa rọrùn fún wa. Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi "pupa" síwájú kó tó pe ata. Yorùbá ní "ata pupa". Lárúbáwá náà ní filfil ahmar, ata ló ṣíwájú, pupa ló tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ń ronú ní Yorùbá ò ní ṣì í.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé orílẹ̀-èdè tó ń sọ Lárúbáwá lé ní 20. Bí ọ̀rọ̀ ará Ìjẹ̀bú àti ti ará Èkìtì ṣe máa ń yàtọ̀, tiwọn náà yàtọ̀. Tòmátò ni tamatim ní Íjíbítì, banadura ní Lẹ́bánónì, matiṣa ní Mòrókò. Búrẹ́dì ni 'eṣ ní Íjíbítì, ọ̀rọ̀ yẹn kan náà sì túmọ̀ sí ìgbé ayé. Tí ẹ bá ní kí ará Íjíbítì fún yín ní laban, mílíìkì lẹ máa gbà. Tí ẹ bá sọ ọ́ fún ará Lẹ́bánónì, yọ́gọ́ọ̀tì ló máa gbé wá. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ bi ọlọ́jà pé ọmọ ìlú ibo ni wọ́n.

Èló ni?

"Èló ni?" ni bikam. Ní Mòrókò, bṣhal ni. Òǹkà láti 1 dé 10 nìyí: wahid, itnen, talata, arba'a, khamsa, sitta, sab'a, tamanya, tis'a, 'aṣara. Ààbọ̀ kílò ni nuss kilo, ìdámẹ́rin kílò sì ni rub' kilo. Torí náà, ẹ lè sọ pé: Nuss kilo bamiya, min fadlak.

Ogún ni 'iṣrin. Fún 21, wọ́n á sọ pé wahid wi 'iṣrin, ọ̀kan àti ogún. Gẹ̀ẹ́sì máa ń pe ogún ṣíwájú, ṣùgbọ́n àwa náà ní ọ̀kànlélógún, ọ̀kan ló ṣíwájú! Bó ṣe rí nìyẹn títí dé 24. Láti 25 ni tiwa ti ń yọ kúrò lára ọgbọ̀n: 26 ni ẹ̀rìndínlọ́gbọ̀n lọ́dọ̀ wa, àwọn kàn ń sọ pé ẹẹ́fà àti ogún.

Ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára páálí àti agolo tó wá láti Íjíbítì tàbí Ìráàkì. ٥ dà bí òdo, ṣùgbọ́n 5 ni. ٦ dà bí 7, ṣùgbọ́n 6 ni. Àmì tóótó kékeré ٠ ni òdo gan-an. Ẹni tí kò bá mọ èyí lè ṣi ọjọ́ tí oúnjẹ máa bàjẹ́ kà.

Tí owó rẹ̀ bá ti pọ̀ jù, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀ kí ẹ sọ pé ghali. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ọ̀wọ́n. Bí a sì ṣe ń sọ pé "ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n", àwọn náà máa ń pe ẹni tí wọ́n fẹ́ràn ní ghali.

Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù

Yànmọ̀tí ni simsim. Tí ẹnìkan bá wà nílé yín bíi àbúrò mi, ẹ kọ́ gbólóhùn yìí kí ẹ tó kọ́ ìyókù: Fih simsim? Ìyẹn ni "Ṣé yànmọ̀tí wà nínú rẹ̀?" Ìdáhùn lè jẹ́ aywa tàbí na'am, ìyẹn bẹ́ẹ̀ ni, tàbí la, ìyẹn rárá. Àwọn ará Mòrókò ń pe yànmọ̀tí ní jenjlan.

Yànmọ̀tí lílọ̀ ni tahina. Tahina wà nínú hummus, ó sì wà nínú halawa, oúnjẹ dídùn tí wọ́n ń gé bíi búlọ́ọ̀kù. Wọ́n sábà máa ń da yànmọ̀tí mọ́ za'tar, ewé gbígbẹ tí wọ́n ń fi sórí búrẹ́dì.

Yànmọ̀tí wà lára ohun 14 tí òfin ilẹ̀ yìí ní kí ọlọ́jà oúnjẹ máa sọ fún oníbàárà. Torí náà, kì í ṣe àríyànjiyàn tí ẹ bá béèrè. Ẹ béèrè ní Lárúbáwá, kí ẹ tún béèrè ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ sì ka ohun tó wà lára páálí. Tí ọlọ́jà ò bá dájú, ẹ fi í sílẹ̀. Mọ́mì mi máa ń sọ pé oúnjẹ míì wà, ọmọ míì kò sí.

Bí ẹ ṣe lè kọ́ ọ

Ẹ má kọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ mú ọ̀rọ̀ márùn-ún ní Sátidé kan. Ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé tí Mọ́mì tàbí Dádì kọ ohun tí wọ́n fẹ́ rà sí: Yorùbá lápá kan, Lárúbáwá lápá kejì. Tí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ kí wọn, ẹ pe orúkọ oúnjẹ kan ṣoṣo, kí ẹ sì tẹ́tí sí bí ọlọ́jà ṣe máa pè é. Tí ẹ bá ń lọ, ẹ sọ pé ṣukran, ẹ ṣeun. Wọ́n á dáhùn pé 'afwan, kò tọ́pẹ́.