Oògùn Tuntun fún Àrùn Fòníkúfọ̀ladìde: Ohun Tó Yẹ Kí Aláìsàn Mọ̀ Kó Tó Wọ Inú Ìdánwò

Kí oògùn kan tó di ohun tí dókítà ń kọ fún aláìsàn ní Ilé Ìwòsàn Ìjọba ní Ìkòròdú tàbí ní Ẹ̀pẹ́, àwọn kan ti gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda ara wọn láti lò ó nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tí ì mọ̀ dájú bóyá yóò ṣe wọ́n lóore tàbí yóò dá kún ìyọnu wọn. Ìdánwò oògùn ni iṣẹ́ yìí ń jẹ́, ó sì kan àwọn tó ní àrùn fòníkúfọ̀ladìde, ìyẹn àìsàn ẹ̀jẹ̀ SS, gbọ̀ngbọ̀n. Láàárín ọgbọ̀n ọdún tó kọjá, oògùn kan yege nínú ìdánwò, ó sì fìdí múlẹ̀. Òmíràn yege, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é kógbá sílé. Òmíràn gba ìwé àṣẹ, wọ́n sì tún kó o kúrò lórí àtẹ. Ìtàn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi hàn pé ìdánwò kì í ṣe ìtọ́jú: ìbéèrè ni, ẹni tí wọ́n sì fi ara rẹ̀ béèrè ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ ìdáhùn.

Àrùn yìí kì í ràn. Ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ni ọmọ ti ń jogún rẹ̀. Inú sẹ́ẹ̀lì pupa ẹ̀jẹ̀ ni hẹmoglóbìn wà, èròjà tó ń gbé ọ́síjìn láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí gbogbo ara. Ẹni tó gba hẹmoglóbìn A lọ́dọ̀ òbí méjèèjì ni AA. Ẹni tó gba A lọ́dọ̀ ọ̀kan, tó gba S lọ́dọ̀ èkejì, ni AS, ara rẹ̀ sì sábà máa ń le koko. Ẹni tó gba S lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì ni SS. Bí ọkọ àti aya bá jẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ní lè di ọmọ SS, lọ́nà kan nínú mẹ́rin. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS, wọ́n sì fojú bù ú pé ọmọ tó tó 150,000 ni wọ́n ń bí pẹ̀lú àrùn náà níbẹ̀ lọ́dọọdún. Ibà ẹ̀fọn ló fa èyí, nítorí pé AS máa ń dáàbò bo ọmọdé lọ́wọ́ ibà tó le, tí ó fi jẹ́ pé ilẹ̀ tí ẹ̀fọn pọ̀ sí ni S ti gbilẹ̀.

Láàárín àwọn òyìnbó, àrùn tó jọ èyí ní ọ̀nà ìjogún ni cystic fibrosis, tó máa ń mú kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ki nínú ẹ̀dọ̀fóró, kí ó sì dí ọ̀nà tí omi tó ń da oúnjẹ ń gbà wọ inú ìfun. Ní ọdún 2012, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ivacaftor, oògùn àkọ́kọ́ tó kọjú sí ìdí àrùn náà gan-an, àwọn mìíràn tó gbòòrò jù ú lọ sì tẹ̀lé e lẹ́yìn ìdánwò. Bẹ́ẹ̀, àwọn tó ní SS pọ̀ ju àwọn tó ní cystic fibrosis lọ ní Amẹ́ríkà pàápàá, ọdún 1949 sì ni Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn pé inú hẹmoglóbìn ni àléébù SS wà. Kì í ṣe àìmọ ìdí àrùn ló jẹ́ kí oògùn SS pẹ́ kó tó dé.

Bí ọ́síjìn bá dín kù nínú ẹ̀jẹ̀, tàbí tí omi ara bá gbẹ, hẹmoglóbìn S á lẹ̀ mọ́ra wọn, sẹ́ẹ̀lì pupa á tẹ̀ kọ́dọ́rọ́ bí dòjé, á sì dí òpó ẹ̀jẹ̀ tóóró. Ìrora tó bá ti ibẹ̀ jáde ni àwọn aláìsàn ń pè ní kíráísìsì. Ẹ̀bá ọ̀sà ni Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ wà, ohun tó ń fa kíráísìsì kò sì jìnnà níbẹ̀: ẹni tó wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakodò, ní Ìkòròdú, ní ìdájí lásìkò ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ orí omi ń fẹ́ lù ú láya títí dé Èkó, àti ẹni tó ń to ẹja sínú agbọ̀n ní Ẹ̀pẹ́ nínú oòrùn tí kò sì rí omi mu, ewu kan náà ni wọ́n jọ ń bá rìn. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ẹ̀jẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn olùkọ́ni LUTH ní Ìdí-Àràbà, níbi tí ibùdó àjọ Sickle Cell Foundation Nigeria ti kọjú sí i. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́, yálà ó gba Ìtòìkín àti Ìkòròdú tàbí ó gba ọ̀nà Lẹ́kí, ọ̀nà jíjìn àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló ń dúró dè é. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé irú ilé ìwòsàn ńlá bẹ́ẹ̀ ni ìdánwò oògùn ti sábà máa ń wáyé, tí olùkópa sì gbọ́dọ̀ máa padà lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ léraléra, owó ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ ara ohun tó yẹ kí wọ́n sọ ní gbangba, kì í ṣe àbẹ̀tẹ́lẹ̀.

Ìpele mẹ́ta ni ìdánwò máa ń gbà kí oògùn tó gba ìwé àṣẹ. Ní ìpele kìíní, àwọn ènìyàn díẹ̀, tí ara ọ̀pọ̀ nínú wọn dá ṣáṣá, ni wọ́n ń fún ní oògùn láti mọ ìwọ̀n tí ara lè gbà. Ní ìpele kejì, àwọn aláìsàn díẹ̀ ni wọ́n fi ń wò ó bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ní ìpele kẹta, ọgọ́rọ̀ọ̀rún aláìsàn ni wọ́n ń pín sí ọ̀wọ́ bí ẹni ṣẹ́ kèké, tí àwọn kan á gba oògùn tuntun, tí àwọn yòókù á gba èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, tàbí hóró òfìfo, ìyẹn èyí tó jọ oògùn ní àwọ̀ àti ìrísí ṣùgbọ́n tí kò ní èròjà kankan nínú. Dókítà kò gbọdọ̀ mọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lò, aláìsàn náà kò gbọdọ̀ mọ̀. Ìdí ni pé kíráísìsì máa ń wá, ó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tó mu àgbo ní oṣù tí ìrora rẹ̀ ìbá ti rọlẹ̀ tẹ́lẹ̀ á gbé oríyìn fún àgbo náà. Ọ̀wọ́ kejì tí wọ́n fi ń wé ti àkọ́kọ́ ló ń ya òótọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára èèṣì.

Oògùn tó kọ́kọ́ yege lọ́nà yìí ni hydroxyurea, tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀ fún àrùn jẹjẹrẹ. Àgbàlagbà 299 ló kópa nínú ìdánwò rẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, èsì rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1995: àwọn tó lo oògùn náà ní kíráísìsì bí 2.5 lọ́dún, àwọn tó lo hóró òfìfo ní 4.5. Ìyàtọ̀ náà hàn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi dá ìdánwò dúró ṣáájú àsìkò. Lẹ́yìn ìyẹn, ìdánwò kan lórí ọmọ 220 ní Kánò àti Kàdúná, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2022, fi hàn pé ìwọ̀n kékeré oògùn yìí kò kẹ̀yìn sí ìwọ̀n tó pọ̀ jù ú lọ nínú dídènà àrùn rọpárọsẹ̀, èyí tó dín ìnáwó kù. Ilé iṣẹ́ Bond Chemical ní Awẹ́, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ti ń ṣe é nílé. Síbẹ̀, ó lè dín sẹ́ẹ̀lì funfun ẹ̀jẹ̀ kù, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa dá a lò láìsí àyẹ̀wò.

Oògùn kejì, Niprisan, ọwọ́ oníṣègùn ìbílẹ̀ kan tó jẹ́ Yorùbá, Àlùfáà Paul Ogunyale, ló ti bẹ̀rẹ̀. Hóró iyèré, igi osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà ni èròjà rẹ̀, èyí tí ènìyàn lè rí rà lọ́wọ́ lẹ́kúlẹ́jà ní ọjà Ìkòròdú àti ti Ẹ̀pẹ́. Ilé iṣẹ́ ìwádìí oògùn ti ìjọba àpapọ̀, NIPRD, ní Àbújá, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Wambebe, gba àgbo náà, wọ́n yọ èròjà rẹ̀ ní ìwọ̀n tí kì í yí padà, wọ́n sì fi aláìsàn 82 dán an wò fún oṣù méjìlá, tí ọ̀wọ́ méjèèjì fi gba ipò ara wọn lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Èsì tó jáde ní 2001 sọ pé ìrora líle dín kù. Ilé iṣẹ́ Xechem ti Amẹ́ríkà gba àṣẹ láti ṣe é, ó gbé e jáde ní 2006 lábẹ́ orúkọ Nicosan, ṣùgbọ́n gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn ní 2008, àwọn tó ti fi ọkàn tẹ oògùn náà kò sì rí i rà mọ́. Èsì ìdánwò yẹn kò sọ àgbo tí ẹnikẹ́ni bá pò nílé di Niprisan, nítorí pé ìwọ̀n tí wọ́n dán wò nìkan ni èsì náà jẹ́rìí sí.

Oògùn kẹta ni voxelotor. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2019 nítorí pé ó gbé ìwọ̀n hẹmoglóbìn sókè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tí ì hàn gbangba pé ó dín ìrora kù. Wọ́n ní kí ìdánwò máa tẹ̀ síwájú, Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó kópa. Nínú ọ̀kan, lórí ọmọ 236, àwọn 8 ló kú nínú àwọn tó lo oògùn, àwọn 2 nínú àwọn tó lo hóró òfìfo. Nínú òmíràn, lórí àwọn 88 tó ní egbò ẹsẹ̀, àwọn 8 kú. Ní 25 Oṣù Kẹsàn-án 2024, ilé iṣẹ́ Pfizer kó oògùn náà kúrò ní ọjà àgbáyé. Yorùbá ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá: oògùn tó ń tún nọ́ńbà inú ìwé àyẹ̀wò ṣe kò tí ì wo ènìyàn sàn.

Ẹ̀rù ìdánwò oògùn ní Nàìjíríà ní ìdí tirẹ̀. Nígbà àjàkálẹ̀ yírùnyírùn ní Kánò ní 1996, Pfizer kan náà dán oògùn Trovan wò lára ọmọ bí 100, tí àwọn 100 mìíràn gba oògùn tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Ọmọ 11 kú nínú ọ̀wọ́ méjèèjì, àríyànjiyàn sì gbóná lórí bóyá àwọn òbí lóye ohun tí wọ́n gbà sí, títí ilé iṣẹ́ náà fi bá ìjọba Kánò ṣe àdéhùn mílíọ̀nù 75 dọ́là ní 2009. Lónìí, ìdánwò gbọ́dọ̀ gba àṣẹ NAFDAC, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn, àti ti ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwà ọmọlúàbí nínú ìwádìí ìlera, Òfin Ìlera ti ọdún 2014 sì sọ ọ́ di dandan kí olùkópa fọwọ́ sí i lẹ́yìn àlàyé.

Nítorí náà, àgbàlagbà tó ní SS tí wọ́n bá pè wá sínú ìdánwò kò gbọdọ̀ tijú láti béèrè, ní èdè Yorùbá, ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ gan-an, yálà ìrora ni wọ́n ń kà tàbí nọ́ńbà inú ẹ̀jẹ̀. Ta ni yóò tọ́jú rẹ̀ bí nǹkan bá yí. Ta ló ń san owó ọkọ̀. Ṣé yóò máa rí oògùn náà gbà lẹ́yìn ìdánwò bí ó bá yege. Àti ìgbà wo ni wọ́n máa padà wá sọ èsì fún un. Kí ó mọ̀ pẹ̀lú pé òun lè jáde nígbàkigbà láìpàdánù ìtọ́jú tó ti ń gbà tẹ́lẹ̀. Dókítà tí kò bá lè dáhùn ìwọ̀nyí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá a tọwọ́ bọ̀wé.