Irú Rẹ̀ Ni, àbí Òun Gan-an? Lórí Títà tàbí Títọ́jú Ọkọ̀ Asáré Onígíà Àfọwọ́yí

Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn lónìí kì í ṣe ti gírámà, àmọ́ gírámà máa yọjú níbẹ̀ kí n tó parí ọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ ní ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè láyé ìgbà kan, tó ti wá di agbẹ̀bí ní Kent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ̀wé sí mi. Ó ní Mazda MX-5 kan tí wọ́n ṣe ní 1999: ìjókòó méjì péré, òrùlé aṣọ tó ṣeé ká sẹ́yìn, gíà márùn-ún tí èèyàn ń fọwọ́ ara rẹ̀ yí. Àlòkù ló rà á ní 2004, owó tó fi iṣẹ́ alẹ́ kó jọ ló sì fi rà á. Ní báyìí ìpẹtà ti wọ abẹ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà, orúnkún òsì òun fúnra rẹ̀ ń ro ó, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń sọ pé, "Mọ́mì, ẹ ta nǹkan yìí, ẹ ra irú rẹ̀ tuntun, tàbí kẹ́ ẹ kúkú ra oníná." Ó wá bi mí pé, "Prof, ṣé kí n tà á ni?" Ìdáhùn mi gùn ju ohun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù lọ, ó sì gbà kí n gbé e síbí torí pé kì í ṣe òun nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fún àwọn nǹkan lórúkọ. Èyí tí àwọn awakọ̀ ń pè ní máńúà, mo máa pè é ní gíà àfọwọ́yí. Èyí tí wọ́n ń pè ní ọ́tò, mo máa pè é ní gíà adáyí, torí pé ńṣe ló ń dá yí. Ẹni tó bá ní orúkọ tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ kó mú un wá, mi ò ní bá a jà.

Iṣẹ́ tí gíà ń ṣe kò ṣòroó ṣàlàyé. Ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ epo kò lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi kò-yí-rárá kó sì máa fa ẹrù. Tí ọkọ̀ bá dúró tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, á máa yí tó ìgbà 800 ní ìṣẹ́jú kan. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ti ọkọ̀ tí mò ń wí yìí á kọjá 6,000. Táyà ní tiẹ̀ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìdúró. Gíà ló ń ṣe alárinà àwọn méjèèjì: ti kìíní fún agbára, ti karùn-ún fún eré. Kílọ́ọ̀ṣì ló ń já wọn sọ́tọ̀ díẹ̀ kí gíà tó yí. Àwo kan ni, tí irin fún mọ́ àárín níwá lẹ́yìn. Tí ẹ bá fi ẹsẹ̀ òsì tẹ̀ ẹ́, irin á jọ̀wọ́ àwo, ẹ́ńjìnnì á máa yí tiẹ̀, táyà á máa yí tiẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí awakọ̀ ti ń jókòó sápá ọ̀tún, ọwọ́ òsì náà ló ń yí gíà. Apá òsì ara ni gbogbo iṣẹ́ yìí wà, ẹ fi sọ́kàn nítorí orúnkún yẹn.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ọkọ̀ àfọwọ́yí ló ń yára jù, tàbí pé òun ló ń ṣọ́ epo jẹ. Bẹ́ẹ̀ ló rí nígbà tí àwa ń kọ́ mọ́tò wíwà nínú Volkswagen Ìjàpá àti Peugeot 504. Lónìí, gíà adáyí oníkílọ́ọ̀ṣì méjì wà: bí kílọ́ọ̀ṣì kan bá di gíà kẹta mú, ìkejì ti di ìkẹrin mú sílẹ̀ dè é, kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú ó ti yí. Kò sí ẹsẹ̀ ọmọ èèyàn tó lè bá a du eré yẹn. Porsche mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé gíà adáyí nìkan ni wọ́n fi sínú 911 GT3 tí wọ́n gbé jáde ní 2013. Àwọn oníbàárà kan fárígá. Ní 2016, wọ́n ṣe 911 R, àfọwọ́yí pọ́ńbélé, 991 péré, àwọn tó sì rí i rà bẹ̀rẹ̀ sí í tà á lówó tó ju iye tí wọ́n rà á lọ fíìfíì. Nígbà tó fi di 2017, àfọwọ́yí ti padà sínú GT3. Àwọn tó san owó ńlá yẹn kò san án nítorí eré. Wọ́n san án kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn lè ríṣẹ́ ṣe.

Ohun tí wọ́n torí ẹ̀ ṣe MX-5 náà nìyẹn. Bob Hall, akọ̀ròyìn ọkọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ló dá a lábàá fún Kenichi Yamamoto ti Mazda ní 1979 pé kí wọ́n ṣe ọkọ̀ kékeré aláìlórùlé bí irú èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe nígbà náà. (Àwọn ti Gẹ̀ẹ́sì yẹn wuyì, àmọ́ wọ́n mọ̀ ọ́n da olówó wọn sójú ọ̀nà.) Ní oṣù Kejì ọdún 1989, wọ́n fi MX-5 han ayé ní Chicago: ẹ́ńjìnnì lítà 1.6, ìwọ̀n rẹ̀ kò tó kìlógíráàmù 1,000. Ní 2016, iye tí wọ́n ti ṣe pé mílíọ̀nù kan. Gbólóhùn èdè Japan kan ni àwọn tó ṣe é máa ń tẹnu mọ́: jinba ittai. Jin ni èèyàn, ba ni ẹṣin, ittai ni ara kan ṣoṣo.

Mi ò lè gbójú kúrò lára gbólóhùn yẹn. Lédè tiwa, a kì í gun mọ́tò. Wíwà là ń wà á, bí ẹni ń wa ọkọ̀ ojú omi, torí pé ojú omi ni ọ̀rọ̀ náà "ọkọ̀" wà kó tó gòkè wá sórí títì. Ẹṣin là ń gùn, kẹ̀kẹ́ là ń gùn, alùpùpù là ń gùn: ohun tí ara ẹni ń kan ara rẹ̀, tí ẹ bá fì sápá kan òun náà á fì. Akẹ́kọ̀ọ́ mi yìí kọ ọ́ sínú lẹ́tà rẹ̀ pé, "Mo gùn ún lọ sí Whitstable lọ́sẹ̀ tó kọjá." Mi ò tún un ṣe.

Ibi tí gírámà ti wọlé rèé. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní kó ra "irú rẹ̀ tuntun". Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó ní kíláàsì mi ẹ máa rántí ìyàtọ̀ tó wà láàárín irú àti ẹyọ. Tí mo bá kọ "ajá, ajá, ajá" sójú pátákó, ọ̀rọ̀ mélòó ni mo kọ? Ọ̀kan ni tẹ́ ẹ bá ń ka irú, mẹ́ta ni tẹ́ ẹ bá ń ka ẹyọ. Ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn lórí ọkọ̀ àtijọ́ ló jẹ́ pé ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ irú, ẹnì kejì ń gbọ́ ẹyọ. Àwọn ọmọ ní irú rẹ̀. Ohun tí ìyá wọn ń rò ni òun gan-an. Ìbéèrè tí mo bi í padà nìyẹn: èwo lo fẹ́ràn nínú méjèèjì?

Tó bá jẹ́ irú rẹ̀ ni, ìyẹn ni pé gíà yíyí, òrùlé ṣíṣí, ọkọ̀ fífúyẹ́, kò sí ìdí fún omijé. Mazda ṣì ń ṣe é. Ìran kẹrin, tó dé ọjà ní 2015, ní gíà àfọwọ́yí mẹ́fà, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì jìnnà sí ti àtijọ́. Kó ta ti ọwọ́ rẹ̀, kó fi owó kún un. Àmọ́ tó bá jẹ́ ọkọ̀ tó gbé ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ sí yunifásítì tòun ti ẹrù lórí itan, torí pé búùtù kò gba nǹkan kan, ọkọ̀ tó ń ká òrùlé rẹ̀ sẹ́yìn láàárọ̀ kùtù tó bá ń bọ̀ níbi iṣẹ́ alẹ́, a jẹ́ pé ẹyọ ni. Ẹyọ kì í sí lórí àtẹ. Ohun kẹta náà wà, tí èèyàn kì í fẹ́ẹ́ jẹ́wọ́: kó jẹ́ pé ohun tá a fẹ́ràn ni kí wọ́n máa rí wa bí ẹni tó ní sípọ́ọ̀tì káà. Tó bá jẹ́ ìyẹn, kó tà á lónìí.

Ní ti oníná, mótò iná máa ń fa ẹrù láti ìdúró, kò nílò gíà púpọ̀. Hyundai Ioniq 5 N, tó jáde ní 2023, ń díbọ́n pé òun ní gíà, ohùn ẹ́ńjìnnì sì ń tinú sípíkà jáde. Ẹ rẹ́rìn-ín tó bá wù yín, àmọ́ ó fi hàn pé àwọn tó ṣe é mọ ohun tí àwọn èèyàn máa ṣàárò. (Àwọn tó sọ mọ́tò ní "ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́" nígbà tí mọ́tò ṣì ń pariwo bí ọlọ, ẹ ò rí i pé oníná lorúkọ náà bá mu!)

Kó tó dá mi lóhùn, mo ní kó kọ́kọ́ lọ wo abẹ́ ọkọ̀. Ohun tí wọ́n fi nọ́ọ̀tì dè ṣeé tú, ó sì ṣeé pààrọ̀. Ẹ́ńjìnnì, gíábọ́ọ̀sì, kílọ́ọ̀ṣì, òrùlé aṣọ, kò sí èyí tí kò ṣeé rí. Mazda fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Japan ní 2017 láti máa sọ ìran kìíní dọ̀tun, wọ́n sì tún ń ṣe àwọn ẹ̀yà rẹ̀ kan tó ti tán lọ́jà. Agọ́ irin tí gbogbo wọn so mọ́ ni kò ṣeé pààrọ̀. Òun gan-an ni ọkọ̀.

Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń jẹ ẹ́ níta, ṣùgbọ́n ti MX-5 tún ń jẹrà látinú. Òjò tó bá rọ̀ sórí òrùlé aṣọ ń ṣàn lọ sínú ihò méjì lẹ́yìn ìjókòó, kó lè bọ́ sílẹ̀. Tí ewé àti ìdọ̀tí bá dí ihò yẹn, omi á yà sínú irin abẹ́ ilẹ̀kùn, á sì máa gbé ibẹ̀. Nígbà tí ọ̀dà níwájú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá fi máa wú bí èéwo, inú ti lọ. Ìran kejì, tí wọ́n ṣe láàárín 1998 sí 2005, tí tirẹ̀ wà nínú rẹ̀, tún ní àìsàn mìíràn: irin gbọọrọ méjì tó wà lábẹ́ níwájú, níbi tí ẹ́ńjìnnì wà, máa ń jẹrà, àtúnṣe ìyẹn sì le ju ti abẹ́ ilẹ̀kùn lọ. Àyẹ̀wò MOT ọdọọdún kò ní gbójú fò ó: tí ìpẹtà bá ti sọ irin di aláìlágbára láàárín sẹ̀ǹtímítà 30 sí ibi tí wọ́n so ẹsẹ̀ ọkọ̀, bíréèkì tàbí bẹ́líìtì ìjókòó mọ́, ọkọ̀ náà kò ní yege. Nítorí náà ọkọ̀ tí ọ̀dà rẹ̀ ń kọ mànà lè ti kú lábẹ́, èyí tó ti ṣá lè ṣì le koko. Kó ní kí wọ́n gbé e sókè, kó sì fojú ara rẹ̀ rí irin iwájú méjèèjì. Tí wọ́n bá fẹ́ tún abẹ́ ilẹ̀kùn ṣe, kí wọ́n gé èyí tó jẹrà kúrò, kí wọ́n jó irin tuntun mọ́ ọn. Ẹni tó bá ní òun máa fi pọ́tì dí i, kó dágbére fún un.

Àwọn ọmọ ní owó àtúnṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye ọkọ̀ náà lọ́jà. Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe iye ọkọ̀ ló yẹ kí wọ́n fi wé. Ọkọ̀ tuntun máa ń pàdánù púpọ̀ nínú iye rẹ̀ láàárín ọdún mélòó kan àkọ́kọ́. Èyí ti pàdánù tiẹ̀ tipẹ́. Ohun tí wọ́n máa fi owó àtúnṣe wé ni ohun tí ọkọ̀ míì máa ná wọn láàárín ọdún mẹ́ta, àdánù yẹn náà wà nínú rẹ̀. Kó sì bá àwọn onínṣọ́ọ̀ránsì fẹnu kò sórí iye ọkọ̀ náà ṣáájú. Àìjẹ́bẹ́ẹ̀, tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, iye ọjà ni wọ́n máa san, ìyẹn ò sì ní í tó nǹkan. Ó tún máa ń lọ sí Peckham ní ọjọ́ Ìsinmi. Láti 29 oṣù Kẹjọ 2023, gbogbo Lọ́ńdọ̀nù ló ti wà lábẹ́ ULEZ, £12.50 lójúmọ́ fún ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ kò bá bá ìlànà mu. Kó fi nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó má fi ọjọ́ orí ọkọ̀ méfò. Ní ti 2030 tí ìjọba ibẹ̀ dá, títa tuntun tó ń jẹ epo nìkan ló kàn. Kò ní kẹ́nikẹ́ni má wa èyí tó ní.

Mo fi orúnkún ṣe ìkẹyìn torí pé òun ló lè fagi lé gbogbo ohun tí mo ti ń wí bọ̀. Àmọ́ kó kọ́kọ́ rí i dájú pé orúnkún ló ń ṣe é. Kílọ́ọ̀ṣì tó ti gbó máa ń le lábẹ́ ẹsẹ̀, ti MX-5 kò sì yẹ kó le. Kó wa irú rẹ̀ tó jẹ́ ti ẹlòmíràn fún wákàtí kan. Tí ìrora náà bá lọ, mẹkáníìkì ló nílò. Tí kò bá lọ, kó rí dókítà, kó sì bi ara rẹ̀ ní ohun kan: tí ọmọdé bá já sójú títì, ṣé ẹsẹ̀ òsì yẹn á lọ sílẹ̀ láìkọ́kọ́ rò ó? Tí ó bá máa rò ó, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Gíà adáyí ló kàn, ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀ sì gbà á láyè. Ẹni tó fi adáyí yege ni wọn kì í gbà láyè láti wa àfọwọ́yí.

Èrò tèmi ni pé tí irin iwájú bá le, tí ẹsẹ̀ sì ń gbọ́ràn, kó má tà á. Ó lè ra oníná nígbàkigbà. Tó bá ta èyí, kò ní rí i rà padà. Kò sì pọn dandan kí ọ̀kan lé èkejì: ó lè ra adáyí kékeré fún ibi iṣẹ́, kó máa gun èyí ní òpin ọ̀sẹ̀. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni kó gbé e sínú gáréèjì, kó da aṣọ bò ó. Ọkọ̀ tí wọn ò wà, bátìrì rẹ̀ á kú, bíréèkì rẹ̀ á gan, epo inú táǹkì rẹ̀ á bàjẹ́. Tó bá di pé kó tà á, kó wá ẹni tó máa wà á, kó kó gbogbo rìsíìtì láti 2004 fún un, pẹ̀lú fọ́tò abẹ́ ilẹ̀kùn kí wọ́n tó jó o àti lẹ́yìn tí wọ́n jó o, kó sì fi ihò omi méjèèjì ẹ̀yìn ìjókòó hàn án.