Owó Ìrànwọ́ Nínú Ilé Àgbẹ̀ Aroko-jẹ

Ní Iware àti ní àwọn ìlú tí ó múlé gbè é ní Afijio, bí Fìdítì àti Ìlọrà, ọ̀nà méjì ni ọdún àgbẹ̀ pín sí: ìgbà tí oúnjẹ kún àká, àti ìgbà tí àká ṣófo. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Ẹrẹ́nà, àgbẹ̀ a gbin àgbàdo. Ṣùgbọ́n kí àgbàdo náà tó gbó, kí iṣu tuntun sì tó jáde, oṣù bí mẹ́ta yóò kọjá nínú èyí tí iṣẹ́ oko le jù lọ, tí oúnjẹ ilé sì ṣọ̀wọ́n jù lọ. Owó ilé-ìwé, owó oògùn àti owó ọkọ̀ kì í sì í dúró de ìkórè. Àgbẹ̀ aroko-jẹ, ẹni tí ó ń gbin ohun tí ìdílé rẹ̀ yóò jẹ, tí ó sì ń ta ìwọ̀nba tí ó bá ṣẹ́kù, ni ìyà àkókò yìí ń jẹ jù.

Àwọn àgbà ní, ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè jẹ èbù tí ó yẹ kí ó gbìn. Ó lè ta ẹ̀gẹ́ tí ó ṣì wà nínú ilẹ̀ fún alágbàtà ní owó pọ́ọ́kú. Ó sì lè yá owó èlé. Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó ń fi oúnjẹ ọ̀la bọ́ ebi òní. Ní ayé àtijọ́, ìwọ̀fà ni ọ̀nà kẹta sábà máa ń já sí. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó gbé ní Ọ̀yọ́ tí ó sì parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, ṣàlàyé ètò náà: iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe fún olówó ni èlé owó, kò sì dín ojú-owó kù rárá. Ẹni tí ó bá ń ro oko olóko nígbà òjò, oko tirẹ̀ yóò di igbó. Báyìí ni gbèsè ṣe ń bí gbèsè.

Ní ìparí ọdún 2016 ni Ìjọba Àpapọ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó lé àwọn ìdílé tálákà lọ́wọ́ tààrà, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì wà nínú ìpínlẹ̀ mẹ́sàn-án tí ètò náà kọ́kọ́ dé. Báńkì Àgbáyé yá ìjọba lówó fún un. A sì fi nǹkan bí $322 mílíọ̀nù tí Switzerland dá padà lára owó tí Ọ̀gágun Sani Abacha kó lọ kún un. Nígbà náà, ₦5,000 ni ti oṣù kan, a sì máa ń san án ní ₦10,000 ní oṣù méjì-méjì. Àwọn ará àdúgbò ni ó ń tọ́ka sí ìdílé tí ó tálákà jù láàárín wọn, obìnrin ilé ni ó sì sábà máa ń gba owó náà.

Bí a bá mú ìdílé ẹni mẹ́fà ní Iware ṣe àpẹẹrẹ, ₦5,000 náà kò tó ₦28 fún ẹnì kan lójúmọ́. Iye yìí kò lè bọ́ ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí ó bá dé ni agbára rẹ̀ wà. Bí ó bá dé nígbà tí òjò ń bẹ̀rẹ̀, ó lè dá èbù sí. Bí ó bá dé nígbà tí àká ṣófo, ẹ̀gẹ́ yóò dúró sínú ilẹ̀ títí yóò fi gbó, ìyàwó ilé yóò sì fi í yan gàrí tàbí kí ó fi í ṣe láfún, èrè tí ì bá jẹ́ ti alágbàtà yóò sì di tirẹ̀. Bákan náà, ẹni tí ó bẹ ọ̀wẹ̀ ni ó ń bọ́ àwọn ọlọ́wẹ̀. Nítorí náà tálákà kì í lè bẹ ọ̀wẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó nílò rẹ̀ jù. Owó oúnjẹ ọjọ́ kan lè sọ oko kékeré di ńlá.

Nínú ilé Yorùbá, àpò ọkọ ọ̀tọ̀, àpò aya ọ̀tọ̀. Owó tí ó bọ́ sọ́wọ́ aya lè di owó òwò. Ètò náà sì gba àwọn obìnrin níyànjú nígbà náà láti kó ẹgbẹ́ ìfowópamọ́ jọ, èyí tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó mọ èsúsú. Bí obìnrin mẹ́wàá bá ń dá ₦1,000 nígbàkígbà tí owó bá dé, ẹni tí ó bá kàn yóò kó ₦10,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Àwọn kan ní owó ọ̀fẹ́ ń sọni di ọ̀lẹ àti ọ̀mùtí. Ní ìwọ̀-oòrùn Kenya, àjọ GiveDirectly pín owó fún àwọn ìdílé abúlé láàárín 2011 àti 2012. Johannes Haushofer àti Jeremy Shapiro ṣe ìwádìí rẹ̀, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2016: oúnjẹ, ẹran ọ̀sìn àti òrùlé páànù ni owó náà bá lọ, owó ọtí àti tábà kò pọ̀ sí i.

Ibòmíràn ni ewu wà. Fún ọdún púpọ̀ ni ₦5,000 dúró lójú kan nígbà tí owó oúnjẹ ń gòkè. Lẹ́yìn tí a yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò ní 2023, ìjọba kéde ₦25,000 lóṣù, fún oṣù mẹ́ta, fún ìdílé mílíọ̀nù 15. Ṣùgbọ́n ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2024 ni Ààrẹ dá ètò náà dúró kí a lè yẹ̀ ẹ́ wò. Owó tí a kò mọ ọjọ́ tí yóò dé, àgbẹ̀ kò lè gbẹ́kẹ̀ lé e láti dá èbù sí. Gbèsè ni yóò tún sá lọ bá. Òjò tí ó rọ̀ lẹ́yìn tí ọ̀dá ti pa àgbàdo kò wúlò fún àgbàdo náà mọ́. Bí owó ìrànwọ́ yóò bá ṣe ilé àgbẹ̀ lóore, àfi kí ó máa dé kí àká tó ṣófo, kí ọjọ́ rẹ̀ má sì yẹ̀.