Ìfẹ̀yìntì Àṣàyàn Nínú Kọ̀ǹpáílà: Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta Dípò Ẹyọ Kan

1. Ìfáárà

Ọ̀kan nínú ohun tí ó máa ń dààmú àwọn tí ń túmọ̀ ìwé ìtọ́sọ́nà kọ̀ǹpútà sí èdè Yorùbá ni bí a ṣe lè sọ pé nǹkan kan ti di àtijọ́. Gbólóhùn tí ó sábà máa ń yá wa lẹ́nu ni 'kò wúlò mọ́'. Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé gbólóhùn yìí ń ṣi òǹkàwé lọ́nà, nítorí pé ipele mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ń bò mọ́lẹ̀. Inú GCC, kọ̀ǹpáílà tí Richard Stallman kọ́kọ́ gbé jáde ní 1987, ni a óò ti mú àpẹẹrẹ wa.

2. Olùdarí àti àṣàyàn

Kọ̀ǹpáílà ni ètò tí ń sọ ohun tí ènìyàn kọ ní èdè bíi C di èyí tí ẹ̀rọ lè tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n ètò tí òǹlò ń pè, èyí tí ń jẹ́ gcc, kì í ṣe iṣẹ́ ìtumọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ó ń ka àṣẹ tí a tẹ̀, ó sì ń pín iṣẹ́ fún àwọn ètò mìíràn: ọ̀kan ń túmọ̀ C sí èdè àsẹ́ḿbílì, èkejì ń sọ ìyẹn di èdè ẹ̀rọ, ẹ̀kẹta ń so ohun gbogbo pọ̀. Ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún irú ètò yìí jẹ mọ́ awakọ̀. Àwa dábàá 'olùdarí', nítorí pé iṣẹ́ ni a ń darí níbẹ̀, a kò wa ọkọ̀ kankan. Àwọn àmì tí òǹlò fi ń sọ ohun tí ó fẹ́ fún olùdarí, bíi -o tàbí -I, ni a pè ní 'àṣàyàn'. Bí a ṣe ń hun wọ́n ni 'ìhun àṣàyàn'.

3. Ipele mẹ́ta

(i) Ìfẹ̀yìntì. Nígbà tí a ń ṣe ìlànà tuntun fún èdè C, kò sí ẹni tí ó mọ ọdún tí yóò parí. Nítorí náà a pè é ní C9X: X dúró fún nọ́ńbà tí a kò tíì mọ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pe ọmọ ní ìkókó kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó pé. Àṣàyàn rẹ̀ ni -std=c9x. Ìlànà náà jáde ní 1999, àṣàyàn sì di -std=c99. Ìwé ìtọ́sọ́nà sọ pé kí a má lo orúkọ àkọ́kọ́ mọ́, ṣùgbọ́n olùdarí ṣì ń gbà á láìjanpata. Ti C++ tilẹ̀ pani lẹ́rìn-ín: a pe ìlànà rẹ̀ ní C++0x pẹ̀lú ìrètí pé yóò jáde kí 2010 tó dé. Ọdún 2011 ni ó jáde, odo iwájú náà kò sì bá ọdún rẹ̀ mu mọ́. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.

(ii) Ìkìlọ̀ ìfẹ̀yìntì. Àṣàyàn -I- ń ṣe iṣẹ́ méjì pọ̀. Ó ń pín àwọn àpò fáìlì tí a dárúkọ sí ọ̀nà méjì: èyí tí ó ṣíwájú rẹ̀ wà fún fáìlì tí a kọ sáàárín àmì àyọlò nìkan, èyí tí ó tẹ̀ lé e wà fún gbogbo fáìlì. Ó tún ń ṣèdíwọ́ kí a má kọ́kọ́ wá fáìlì nínú àpò tí fáìlì tí a ń túmọ̀ wà. Ẹni tí ó bá lò ó lónìí yóò rí ìfitónilétí pé ó ti di àtijọ́, kí ó lo -iquote. Iṣẹ́ ń lọ, ṣùgbọ́n a ti kìlọ̀.

(iii) Ìyọkúrò. Àṣàyàn -b ń yan irú ẹ̀rọ tí a ń túmọ̀ fún, -V sì ń yan ẹ̀dà kọ̀ǹpáílà. Nígbà tí GCC 4.6 jáde ní 2011, a yọ méjèèjì kúrò nítorí pé wọn kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Dípò wọn, òǹlò yóò fi orúkọ ẹ̀rọ náà ṣáájú gcc, yóò sì fi nọ́ńbà ẹ̀dà kẹ́yìn rẹ̀ bí ó bá fẹ́.

4. Ìdí tí a fi yan àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí

Òṣìṣẹ́ tí ó fẹ̀yìn tì kò kú. Bí a bá pè é, yóò dáhùn. A kàn kì í gbé iṣẹ́ tuntun fún un ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni -std=c9x rí. Bí atúmọ̀ bá kọ 'kò wúlò mọ́' nípa rẹ̀, olùkọ́ lè fagi lé iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí ó bá sì kọ gbólóhùn kan náà nípa -V, òǹkàwé lè rò pé kò burú bí ó bá wà nínú fáìlì àṣẹ tí òun ti kọ láti ọjọ́ pípẹ́, títí di ọjọ́ tí olùdarí tuntun yóò kọ̀ ọ́.

Ó tún yẹ kí a ṣọ́ra fún 'ọ̀kan náà ni wọ́n'. Iṣẹ́ kìíní -I- nìkan ni -iquote ń ṣe. Kì í ṣe ìdíwọ́ tí a mẹ́nu bà lókè. Arọ́pò kì í ṣe ẹ̀dà.

5. Ìgúnlẹ̀

Ọ̀ràn yìí kò ṣàjèjì sí wa. Láti 1974 tí a ti fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní, 'aiye' ti di 'ayé', 'nwọn' sì ti di 'wọ́n'. A kò kọ́ ọmọdé láti kọ ti àtijọ́ mọ́, ṣùgbọ́n a kò sọ pé kí wọ́n má lè ka ìwé tí a fi kọ. Ìfẹ̀yìntì ni èyí, kì í ṣe ìyọkúrò. Nítorí náà, nígbàkígbà tí a bá pa ọ̀rọ̀-ìperí kan dà nínú iṣẹ́ wa, ẹ jẹ́ kí a sọ ohun mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: arọ́pò rẹ̀, ohun tí arọ́pò náà kò kó mọ́ra, àti ipele tí ọ̀rọ̀ àtijọ́ náà wà. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, olùkọ́ tí ó ní ìwé àtijọ́ lọ́wọ́ kò ní mọ̀ bóyá kí ó ṣàlàyé rẹ̀ ni tàbí kí ó jù ú nù.